A fẹ́ sùn nínú bọ́ọ̀sì létíkun Lẹ́kí ká lè rí ìjàpá òkun: ṣé a ó rí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Àwa mẹ́wàá la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá. Ẹnìkan nínú wa ní bọ́ọ̀sì Coaster, ó ti yọ ìdajì àga inú rẹ̀, ó tẹ́ fóòmù síbẹ̀. A fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ lé etí òkun láti Lẹ́kí lọ sí apá Ẹ̀pẹ́ nígbà Kérésì, ká máa sùn nínú ọkọ̀, ká rí ìjàpá òkun, ká rí ọ̀bọ àti ẹyẹ. Àǹtí mi ní a kàn fẹ́ fi owó ṣòfò ni, pé eku àti alángbá nìkan ló kù ní Èkó. Èmi ni wọ́n ní kí n gba owó jọ. Kí ni kí n sọ fún wọn?

* * *

Àǹtí yín ò parọ́, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Ẹni tó ń ti Ojúẹlẹ́gbà bọ́ sórí Afárá Third Mainland láràárọ̀, tó tún ń gba ibẹ̀ padà lálẹ́, níbo ni yóò ti rí ẹranko? Kódà lékeléke tó ń bà sórí igi àwọn apẹja ní Mákòkó, a kì í wò ó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wa là ń wò.

Ṣùgbọ́n etí òkun ìpínlẹ̀ Èkó gùn tó bí i 180 kìlómítà, láti ibodè Sèmè títí dé ìpẹ̀kun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ó kéré tán, irú ìjàpá òkun mẹ́ta ló ń jáde wá yé ẹyin sínú iyanrìn Nàìjíríà: olive ridley, green turtle, àti leatherback tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe igbá líle bíi ti àwọn yòókù, awọ ni. Àgbà leatherback lè wúwo ju 400 kìlógíráàmù lọ. Láti nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà títí dé oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n ń gòkè wá, òru ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ẹranko wà. Bóyá ẹ̀yin mẹ́wàá yóò rí i ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí èmi náà ti kó èrò lọ rí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì ń dùn mí títí dòní.

* * *

Mo ti ka ìdáhùn tí àwọn tó ṣáájú mi kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, n ó sì máa dá àwọn náà lóhùn bí mo ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ wọn jọra: ẹ pọ̀ dáadáa kí olè má baà débẹ̀, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ orin, ẹ wa ọkọ̀ sún mọ́ omi kí ẹ lè máa gbọ́ ìgbì látorí ibùsùn. Àríyá gidi nìyẹn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí àríyá. Àmọ́ ẹ̀yin ní ẹranko lẹ fẹ́ lọ wò.

Oṣù Ọ̀pẹ kan, àwa mọ́kànlá kúrò ní Súrùlérè nínú bọ́ọ̀sì tí a háyà. A rò pé a tètè jáde. Ká tó kọjá Ajáh, oòrùn ti mú. Ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kò ju bí i 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi kìlómítà ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀ fún un.

A dé etíkun kan lẹ́yìn Ẹlẹ́kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Dẹ́rẹ́bà wò ó, ó ní iyanrìn náà le, ó wọ̀ ọ́. Kò lọ ju ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n lọ tí táyà ẹ̀yìn fi rì dé ìdajì. Bó ṣe ń tẹná mọ́ ọn ni ọkọ̀ ń wọlẹ̀ sí i, omi òkun sì ń kún bọ̀. Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe ló gbà wá. Wọ́n ní kí dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n jo afẹ́fẹ́ inú táyà kù, wọ́n ki pákó àti imọ̀ àgbọn bọ abẹ́ rẹ̀, gbogbo wa wá fi okùn fà á. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá kí ọkọ̀ yẹn tó jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló rántí ìjàpá mọ́? A tan jẹnẹrétọ̀, a so gílóòbù mẹ́rin mọ́ igi àgbọn, a yan ẹja, a kọrin títí di aago méjì òru.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá kan nínú àwọn apẹja náà pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ipa kan jáde látinú omi. Ó fẹ̀ tó ẹní, àmì apá tí ẹranko náà fi ń wọ́ ara rẹ̀ hàn lọ́tùn-ún lósì. Ó gòkè bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ó yí, ó padà sínú òkun. Kò gbẹ́ ihò kankan. Bàbá náà ní, "Iná yín ló rí. Ó gbé ẹyin rẹ̀ padà lọ."

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyẹn.

* * *

Ẹnìkan lè bèèrè pé báwo ni gílóòbù mẹ́rin ṣe lè lé ẹranko tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ padà. Òkùnkùn ni abo ìjàpá ń wá. Bí ó bá rí iná tàbí ẹni tó ń rìn lókè, ó lè yí padà láìyé. Tí ó bá sì yé, bí ọgọ́rùn-ún ẹyin, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó lọ, kì í padà wá tọ́jú wọn. Wọ́n á wà nínú iyanrìn fún nǹkan bí oṣù méjì. Bí iyanrìn bá ṣe gbóná tó ló ń sọ bóyá abo ni ọmọ yóò jẹ́ tàbí akọ: bó bá gbóná gan-an, abo ló máa ń pọ̀. Ẹ wá rí i pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dáná igi sórí iyanrìn òkè yẹn, tàbí kí ó hú ẹyin láti fi ya fọ́tò.

Àwọn ọmọ ló ń káàánú mi jù. Òru ni wọ́n ń hú jáde, wọ́n sì ń lọ síbi tó bá mọ́lẹ̀ jù lójú wọn. Láti ìgbà tí ayé ti wà, ojú òkun ni ibẹ̀ yẹn, níbi tí òṣùpá àti ìràwọ̀ ti ń tàn sórí omi. Bí gílóòbù bá wà lẹ́yìn wọn, gílóòbù ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Wọ́n á rìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kannakánná àti ajá á wá kó wọn jẹ.

Nítorí náà ẹ má pàgọ́ sí ìtòsí ibi tí iná ńlá wà. Èbúté ńlá Lẹ́kí ṣí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, ilé ìfọpo Dangote ṣí ní oṣù Èbìbí ọdún kan náà, ojú ọ̀run agbègbè yẹn sì ń pọ́n lálẹ́. Ọ̀nà etíkun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tí yóò gba bí i 700 kìlómítà dé Kàlàbá, ti mú ọkọ̀ àti iná wọ ibi tó ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣiṣẹ́. Ibi tí ẹnìkan júwe fún yín lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn lè ti yàtọ̀ ni, ẹ rán ẹni méjì lọ wò ó lálẹ́ kí ẹ tó kó èrò lọ.

Ní ti tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi nylon pupa wé ojú rẹ̀. Iná pupa kì í dà wọ́n láàmú tó iná funfun. Fóònù ńkọ́? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, kí ẹnìkan dì í mú.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí wọ́n fi Lẹ́kí sílẹ̀ kí wọ́n lọ Tarkwa Bay: iyanrìn ibẹ̀ fẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi la fi ń débẹ̀. Báwo ni Coaster ṣe fẹ́ dé ibẹ̀? Ìlàṣẹ̀ náà, omi ni. Ní Badagry, ọ̀sà ló wà láàárín ìlú àti òkun, ẹ máa fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí ẹ tó sọdá.

Ìdí tí iyanrìn apá ìhín àti apá ọ̀hún kò fi dọ́gba wúlò fún ẹni tó ń wa ọkọ̀. Nígbà ìjọba amúnisìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n to òkúta ńláńlá wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ lè máa wọlé láìséwu. Iyanrìn etíkun wa ń bá omi rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta yẹn dá a dúró. Lighthouse Beach tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ń gbòòrò, Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn tuntun gbà mọ́, òkun ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, kí wọ́n tó wá da iyanrìn sí i kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Òkun Alfa àti àwọn abúlé tó tẹ̀ lé e ṣì ń jìyà irú nǹkan yìí. Ibi tí òkun bá ti ń jẹ ilẹ̀, etí rẹ̀ máa ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìgbì á sì dé ibi tí ẹ ò rò lóru. Ẹ fi bọ́ọ̀sì sórí ilẹ̀ líle lẹ́yìn igi àgbọn. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sétí omi.

Ẹni tó bèèrè àbùùbùtán: èyí tí wọ́n ń pè ní humpback máa ń wá láti òkun tútù ìsàlẹ̀ ayé wá bímọ nínú omi gbígbóná apá ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí oṣù Agẹmọ sí Ọ̀wàrà. Tí Kérésì bá fi dé, wọ́n ti lọ.

* * *

Ariwo tó pọ̀ jù wà lórí owó tí wọ́n ń gbà létíkun. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni, pé Ọlọ́run ló ni òkun. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó ń dábùú igi sọ́nà, tí wọ́n á gba owó, tí wọn ò sì ní ṣe nǹkan kan fún ẹni tó san án. Mi ò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé etí òkun ló mọ ibi tí omi ti ń fa ènìyàn lọ. Àwọn ni wọ́n ń wọ omi lọ gbé òkú àlejò jáde. Àwọn ló mọ ibi tí ìjàpá yé ẹyin sí lánàá. Ẹ lọ kí baálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ bèèrè ẹni kan tí yóò bá yín rìn lóru. Ẹni yẹn ni kí ẹ sanwó fún, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Yábàá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe nígbà kejì. Kò sẹ́ni tó dá wa dúró, torí ọmọ wọn ló jókòó níwájú ọkọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó le jù lọ nìyí, mo sì rí i pé ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ níbí. Bí ẹ bá bá apẹja kan tó ti mú ìjàpá, tó ní kí ẹ rà á kí ẹ lè tú u sílẹ̀, ṣé kí ẹ rà á?

Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀mí ni ẹ̀mí, ẹ dá owó jọ. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá, torí òfin ti ń dáàbò bo ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n láti 1985. Ní ìgbà kan mo wà lára àwọn tó sanwó. A tú ìjàpá náà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ọkùnrin méjì mìíràn fi dé, ẹnìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìjàpá tirẹ̀. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ pé àwọn ará Èkó ń rà á. Ọ̀kan ti sùn mọ́júmọ́ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ dojú kọ òkè, okùn wà lápá rẹ̀. Owó wa ló so okùn yẹn.

Láti ọjọ́ náà mi ò ra ìjàpá mọ́. Èmi ò sì ní pe ọlọ́pàá sí apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ ya, tí ọmọ rẹ̀ ń dúró de oúnjẹ. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń bá baálẹ̀ sọ ọ́ kí òru tó lẹ́: a ó ra òwú àwọ̀n fún gbogbo àwọn apẹja abúlé, bóyá ìjàpá jáde tàbí kò jáde, ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú àwọ̀n yóò jẹ́ kó lọ. Owó òwú yẹn kò pọ̀ ju owó ìjàpá kan lọ.

Arábìnrin kan bi mí pé, bí apẹja náà bá kọ̀ ńkọ́, tí ó sì gbé ọ̀bẹ jáde lójú mi? Mo ti rò ó lọ́pọ̀ òru. N ó bẹ̀ ẹ́. N ó tún bẹ̀ ẹ́, n ó ní kí àgbà abúlé bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbọ́, yóò dùn mí, mi ò sì ní yọ owó, torí àwọn tó kù nínú omi.

* * *

Ọ̀bọ rọrùn. Ẹ fi àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ dúró ní Lekki Conservation Centre, ibẹ̀ wà lójú ọ̀nà yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó hẹ́kítà 78, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990. Ọ̀bọ mona wà níbẹ̀, ọ̀nì wà, awọ́nríwọ́n wà, afárá orí igi tí mítà rẹ̀ jẹ́ 401 sì wà fún ẹni tí òkè kì í kọ́ lójú. Ẹ tètè débẹ̀, kí ariwo èrò tó pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọ̀bọ ní bisikíìtì. Mo rí ìyá kan tí ọ̀bọ já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ kékeré, ọmọ náà sunkún títí. Ẹnìkan ló kọ́ ọ̀bọ yẹn pé oúnjẹ wà nínú àpò ènìyàn.

* * *

Dẹ́rẹ́bà. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Nígbà tiwa, orí àga rẹ̀ ló sùn, pẹ̀lú orin wa, pẹ̀lú ẹ̀fọn, ó sì tún wà wá padà dé Súrùlérè lọ́jọ́ kejì. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń pa dé lórí ọ̀nà. Ẹ gba yàrá fún un nínú abúlé, kí ó jẹun, kí ó sùn. Ẹ má sì rìnrìn-àjò lóru rárá.

Coaster tí wọ́n tẹ́ fóòmù sí, ènìyàn mẹ́wàá ò lè sùn nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn á ní kí ẹ ti fèrèsé, ooru á ní kí ẹ ṣí i. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé láti ìta, kí ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà sùn níbẹ̀. Omi mímu, ẹ ka lítà mẹ́rin fún ẹnìkan lójúmọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ bẹ abúlé, ẹ sanwó rẹ̀, ẹ má sọ etíkun di ààtàn.

Ẹ má wẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni nínú abúlé kì í ti wẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ òmùwẹ̀ níbẹ̀. Bí omi bá ń fa ènìyàn lọ sí àárín, kí ó má bá a jà tààrà, agbára ló máa tán. Kí ó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí ojú rẹ̀ wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú etíkun, títí tí ìfà yẹn yóò fi tú u sílẹ̀.

* * *

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo padà rí ìjàpá.

Oṣù Èrèlè ni, ọdún tó tẹ̀ lé e, òru tí òṣùpá kò yọ. Àwa mẹ́fà péré, pẹ̀lú ọmọkùnrin abúlé tó ń mú wa lọ. A jókòó sínú òkùnkùn láti aago mẹ́wàá. Ní wákàtí àkọ́kọ́, eré akàn lásán la gbọ́. Ẹnìkan sùn lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ọmọkùnrin náà fọwọ́ kan èjìká mi. Nǹkan dúdú kan ti wà lórí iyanrìn, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ. Ó ń mí bí àgbàlagbà tó gun àtẹ̀gùn. Ọmọkùnrin náà ò jẹ́ ká sún mọ́ ọn títí tó fi gbẹ́ ihò rẹ̀ tán, tí ẹyin sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ la wá gbà lọ, ní ìrákòrò. Ẹyin funfun, roboto, ó ń bọ́ ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bò wọ́n, ó fi gbogbo ara gbá iyanrìn náà pọ̀, ó padà sínú omi. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nínú wa títí ìgbì fi gbé e lọ.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ sún un sí oṣù Èrèlè, òpópónà Lẹ́kí kì í le nígbà náà bíi ti Kérésì. Ẹ pín ara yín sí márùn-ún-márùn-ún, kí ọ̀wọ́ kejì lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kí o tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwọ tí wọ́n gbé owó lé lọ́wọ́, sọ ọ́ fún wọn pé kò ní sí orin, kò ní sí gílóòbù, fóònù á wọ àpò láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tí ìyẹn ò bá tẹ́ lọ́rùn, jẹ́ kó dúró sílé, kí ó má bínú sí ẹ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Bí Àǹtí rẹ bá sì gbà láti tẹ̀ lé yín, fi wọ́n sínú márùn-ún àkọ́kọ́. Bá wọn mú súwẹ́tà dání, atẹ́gùn òkun máa ń tutù tó bá di aago mẹ́ta òru.